ÌLÀ TÍ Ó Ń JẸ́RÌÍ SÍ ÌLÀ

Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí àti gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, lórí àyẹ̀wò àìsàn tí ènìyàn ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nínú ilé

Bismillāhi r-Raḥmāni r-Raḥīm.

Gbogbo ọpẹ́ àti ẹyìn ń bẹ fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó fi làákàyè ṣe ọmọ ènìyàn lọ́ṣọ̀ọ́. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀ àti gbogbo ẹni tí ó tẹ̀lé ìlànà wọn títí di ọjọ́ ìkẹyìn.



Ìlà pupa tín-ín-rín kan ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí. Ìlà náà kò gùn ju èékánná ọmọ ọwọ́ lọ, síbẹ̀ ẹ̀mí ọmọ, ìdè yìgì àti orúkọ rere ènìyàn lè rọ̀ mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń rí i tí wọn kò bìkítà fún un, nítorí pé ìlà kejì ni ojú wọn ń wá.

ILÉ ẸJỌ́ TI DÉ INÚ YÀRÁ

Láyé àná, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ dájú pé ibà ni ó ń ṣe òun, ilé ìwòsàn ni ó ń lọ. Wọn a gún un ní ìka, wọn a fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ra dígí, ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ náà a sì fi ẹ̀rọ tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn Rẹ́mọ mọ̀ mọ́ àwọn ilé ìwòsàn ńlá, bíi èyí tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Ṣágámù ní ọdún 1986, tí à ń pè ní Ogun State University Teaching Hospital kí orúkọ rẹ̀ tó di ti Olabisi Onabanjo.

Lónìí, nǹkan ti yí padà. Ní kẹ́míìsì, láti Ṣágámù dé Ìkẹ́nnẹ́, láti Ìlíṣàn dé Ìsarà, ènìyàn lè ra àyẹ̀wò ibà tàbí àyẹ̀wò oyún bí ẹni ra ọṣẹ. Àyẹ̀wò HIV tí ènìyàn lè dá ṣe fúnra rẹ̀ náà ti dé. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ọwọ́ sí lílò rẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2016. Nígbà àrùn Kòrónà, àyẹ̀wò tí a ń ki owú orí igi bọ imú ṣe di ohun tí ọmọdé pàápàá mọ̀ ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ayé.

Èyí jẹ́ oore. Ṣùgbọ́n ó túmọ̀ sí pé adájọ́ tí ó ń jókòó ní ilé ìwòsàn tẹ́lẹ̀ ti wá ń jókòó lórí tábìlì inú yàrá wa. Ìbéèrè tí ó yẹ kí onílàákàyè bi ara rẹ̀ ni pé: ta ni yóò yẹ adájọ́ náà wò?

Nínú Súrà Al-Ḥujurāt, Ọlọ́hun pa á láṣẹ fún àwọn onígbàgbọ́ òdodo pé kí wọ́n wádìí ìròyìn dájú kí wọ́n tó gbé ìgbésẹ̀ lé e, kí wọ́n má baà ṣe ohun tí wọn yóò kábàámọ̀. Irú ìlànà yìí ni àwọn kádì ń tẹ̀lé. Bí ẹlẹ́rìí bá dé iwájú kádì, kì í ṣe ohun tí ó rí nìkan ni kádì ń wádìí. Ó ń wádìí ẹlẹ́rìí náà pẹ̀lú: ṣé olóòótọ́ ni, ṣé ojú rẹ̀ ríran, ṣé ó wà níbẹ̀ lóòótọ́? Àwọn onímọ̀ òfin ẹ̀sìn ń pe ìwádìí yìí ní tazkiyah. Ẹlẹ́rìí tí kò bá yege nínú rẹ̀, bí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ tilẹ̀ dùn bí oyin, kò wúlò fún ìdájọ́.

Àwọn tí wọ́n ṣe àyẹ̀wò inú ilé mọ̀ pé ẹlẹ́rìí gbọ́dọ̀ ní olùyẹ̀wò. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi ìlà méjì sí i. Ìlà tí lẹ́tà T wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí tí ń sọ̀rọ̀ nípa àìsàn. Ìlà tí lẹ́tà C wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ó ń jẹ́rìí sí iṣẹ́ ohun èlò náà fúnra rẹ̀.

BÍ OHUN ÈLÒ NÁÀ ṢE Ń ṢIṢẸ́

Bí ènìyàn bá tú kásẹ́ẹ̀tì oníke funfun inú àyẹ̀wò ibà, yóò rí i pé kò sí bátìrì nínú rẹ̀, kò sì sí ẹ̀rọ kankan. Pẹlẹbẹ gígùn kan bíi bébà ni ó wà níbẹ̀, ó sì ní ibùdó mẹ́rin. Ẹ jẹ́ kí a wò ó bí ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà láti Ìkẹ́nnẹ́ lọ sí Ṣágámù.

Ibùdó kìíní ni ibi tí a ń kán ẹ̀jẹ̀ àti omi inú ìgò kékeré sí. Ibẹ̀ ni èrò ti ń wọkọ̀.

Ibùdó kejì ni ibi tí àwọn ẹyọ wúrà gbígbẹ ti ń dúró de omi. Wúrà gidi ni nínú ọ̀pọ̀ àwọn àyẹ̀wò wọ̀nyí, ṣùgbọ́n ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò lè rí ẹyọ kan. Bí wúrà bá kéré tó báyìí, kì í tàn bí ti òrùka mọ́. Pupa ni àwọ̀ rẹ̀ ń jẹ́. Àwọ̀ pupa tí a ń rí lára ìlà, àwọ̀ wúrà ni. Lára ẹyọ wúrà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n so èròjà kan mọ́, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní antibody. Iṣẹ́ antibody ni láti dá ohun kan ṣoṣo mọ̀ kí ó sì dì í mú, bí kọ́kọ́rọ́ ti ń mọ àgádágodo rẹ̀.

Ibùdó kẹta ni ojú funfun tí a ń rí láti ìta. Níbẹ̀ ni wọ́n fi antibody tí a kò lè rí fa ìlà méjì sí, T ṣíwájú, C tẹ̀lé e.

Ibùdó kẹrin ni òpin ọ̀nà, ibi tí ohun kan bíi kànìnkànìn wà tí ó ń fa omi náà mọ́ra kí ó má baà dúró lójú ọ̀nà.

Nígbà tí omi bá gbéra, yóò jí àwọn ẹyọ wúrà tí ń sùn, yóò sì kó wọn lọ. Bí kòkòrò ibà tí ó wọ́pọ̀ jù ní ilẹ̀ wa, Plasmodium falciparum, bá wà nínú ẹ̀jẹ̀ náà, ohun kan tí kòkòrò náà ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ HRP2, yóò wà nínú omi náà. Wúrà yóò dì í mú. Bí wọ́n bá jọ dé T, antibody tí ó wà níbẹ̀ yóò tún di HRP2 náà mú láti apá kejì. Báyìí ni wúrà yóò há síbẹ̀, ọ̀pọ̀ yóò kó jọ, ojú yóò sì rí ìlà pupa. Bí kòkòrò ibà kò bá sí, kò sí ohun tí yóò dá wúrà dúró ní T, yóò kọjá lọ.

Ìlà C kò bèèrè kòkòrò ibà rárá. Antibody tí ó wà lára wúrà, láti ara èkúté ni wọ́n ti máa ń mú un. Antibody tí ó wà ní ìlà C, láti ara ẹranko mìíràn ni, ewúrẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, tí wọ́n ti kọ́ ara rẹ̀ láti dá antibody èkúté mọ̀. Nítorí náà, wúrà tí ó bá dé ìlà C, yálà ó gbé ẹrù ni, yálà ọwọ́ òfo ni ó fi wá, yóò dì í mú.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi C sí ẹ̀yìn T. Oníbodè tí ó dúró ní ìparí ọ̀nà ni ó lè sọ pé àwọn èrò ti kọjá gbogbo ibùdó tí ó wà lẹ́yìn wọn. Bí C bá jáde, ohun mẹ́ta ni ó jẹ́rìí sí: omi sàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wúrà jí, ó sì bá omi rìn, antibody tí ó wà lára wúrà náà kò tíì bàjẹ́ tán.

Ìmọ̀ yìí kò ti òkè já bọ́. Ní 1967, obìnrin kan tí ń jẹ́ Margaret Crane, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ Organon ní Amẹ́ríkà, ni ó ronú pé obìnrin lè ṣe àyẹ̀wò oyún fúnra rẹ̀ nínú ilé. Ní 1975, Georges Köhler, ará Jámánì, àti César Milstein, ọmọ ilẹ̀ Ajẹntínà, rí ọ̀nà ní Cambridge láti máa ṣe antibody tí gbogbo rẹ̀ rí bákan náà lọ́pọ̀ yanturu. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel lé e lórí ní 1984. Ní 1988, àyẹ̀wò oyún Clearblue tí ó ń lo pẹlẹbẹ kan ṣoṣo dé ọjà ní ilẹ̀ Britain. Ọ̀nà yẹn kan náà ni a gbà ṣe ti ibà, ti HIV àti ti Kòrónà lẹ́yìn rẹ̀.

ÌDÁJỌ́ MẸ́TA PÉRÉ NI Ó WÀ

Ẹni tí ó bá ṣe àyẹ̀wò ibà nínú ilé, ìdájọ́ mẹ́ta ni ó lè rí.

Èkíní: C jáde, T kò jáde. Èyí ni pé ohun èlò ṣiṣẹ́, kò sì rí ohun tí ó ń wá.

Èkejì: C jáde, T náà jáde. Èyí ni pé ohun èlò ṣiṣẹ́, ó sì rí ohun tí ó ń wá. Bí T tilẹ̀ rí ràkọ̀ràkọ̀ bí ojú àpá tí ó ti ń jiná, ó ti jáde. Kò sí pé a ń fi dídán C wé dídán T. Kì í ṣe ìdíje ni wọ́n ń ṣe.

Ẹ̀kẹta: C kò jáde. Yálà T jáde o, yálà kò jáde o, kò sí ìdájọ́ rárá. A ó gbé kásẹ́ẹ̀tì náà sọnù, a ó mú tuntun.

Ìdájọ́ kẹta yìí ni ó ń ṣòro fún àwọn ènìyàn láti gbà. Ẹnì kan a ní, “Ṣebí T ti jáde, kí ni mo tún ń fi C ṣe?” Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ẹlẹ́rìí tí kò yege nínú ìyẹ̀wò, a kì í gba “bẹ́ẹ̀ ni” rẹ̀, a kì í sì í gba “bẹ́ẹ̀ kọ́” rẹ̀. Ẹlòmíràn a ní, “Kò sí ìlà kankan, nítorí náà kò sí àìsàn.” Èyí ni àṣìṣe tí ó burú jù. Ẹlẹ́rìí tí ó dákẹ́ kò sọ pé olè kò wọlé. Kò tíì sọ nǹkan kan ni.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpèjúwe kan ṣe é. Abiyamọ kan wà, ara ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́ta gbóná lóru. Ó fa àyẹ̀wò ibà yọ, ó kán ẹ̀jẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n omi inú ìgò kékeré ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ẹ̀kán kan péré ni ó rí. Omi náà kò ní agbára láti rìn dé òpin. Ó wo ojú kásẹ́ẹ̀tì, ó rí i ní funfun báláú. Ó ní, “Alhamdulillāh, kì í ṣe ibà.” Ó fún ọmọ ní oògùn ara gbígbóná, ó sì padà sùn. Irú ibà falciparum yìí lè di ibà líle lára ọmọdé láàárín wákàtí 24. Ohun tí ìyá náà rí kì í ṣe ìdáhùn. Ṣùgbọ́n ó gbà á bí ìdáhùn, nítorí pé kò sẹ́ni tí ó sọ fún un pé kí ó kọ́kọ́ wá C. Nǹkan bí ìdámẹ́rin àwọn tí ibà ń ṣe ní gbogbo ayé ni wọ́n wà ní Nàìjíríà gẹ́gẹ́ bí ìṣirò Àjọ Ìlera Àgbáyé, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ni ó sì ń pa jù. Ọ̀rọ̀ ìlà kékeré yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

OHUN TÍ ÌLÀ C KÒ LÈ JẸ́RÌÍ SÍ

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti jinlẹ̀ jù nìyí. Bí àwọn kan ti ń fojú fo C, bẹ́ẹ̀ ni àwọn mìíràn ń gbẹ́kẹ̀ lé e ju bí ó ti yẹ lọ. Wọ́n rò pé bí C bá ti jáde, gbogbo ohun tí àyẹ̀wò sọ ti di òtítọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí a bá rí lójú ọ̀nà lè jẹ́rìí pé ọ̀nà kò dí. Kò lè jẹ́rìí pé ọjà kún.

Èkíní, C kì í mọ̀ bóyá a fi ẹ̀jẹ̀ sí i. Nínú ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò ibà, bí ènìyàn bá kán omi inú ìgò nìkan sí i láìsí ẹ̀jẹ̀, C yóò jáde ketekete. Bákan náà ni ti Kòrónà: bí owú náà kò bá kan imú rárá, C yóò ṣì jáde. Omi ni ó ń jẹ́rìí sí, kì í ṣe ara ènìyàn. Àyẹ̀wò HIV kan wà, OraQuick, tí a ń fi omi ẹ̀gbẹ́ ìgbín-eyín ṣe, tí wọ́n gbà ṣe é yàtọ̀: antibody tí ó wà lára ènìyàn gan-an ni C tirẹ̀ ń wá, kí ó lè fi hàn pé a ti fi ohun kan láti ara ènìyàn sí i. Nítorí náà, C inú páálí kan lè má jẹ́ irú C inú páálí kejì. Ìwé tí ó wà nínú páálí ni kí a kà.

Èkejì, C kì í mọ̀ bóyá ohun tí kò tọ́ ni a fi sí i. Ní ọdún 2021, nígbà tí àwọn ọmọ ilé ìwé ní ilẹ̀ Britain ń fi àyẹ̀wò Kòrónà yẹ ara wọn wò, àwọn kan lára wọn rí i pé bí wọ́n bá kán omi ọsàn tàbí mínírà sí i, ìlà méjèèjì ni yóò jáde. Wọ́n fi èyí purọ́ kí wọ́n lè jókòó sílé. Mark Lorch, olùkọ́ ìmọ̀ kẹ́míkà ní Yunifásítì Hull, yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, ó sì ṣàlàyé pé kíkan omi ọsàn ni ó da antibody rú tí wúrà fi lẹ̀ mọ́ T láìsí kòkòrò kankan. Nígbà tí ó fi omi tí ó bá àyẹ̀wò náà wá ṣan án, ìlà T irọ́ náà parẹ́. Ẹ kíyè sí i pé C wà níbẹ̀ ní gbogbo àkókò tí irọ́ yẹn ń lọ. Àwọn olùwádìí sì ti rí i nípa àyẹ̀wò ibà pé bí a bá fi omi lásán dípò omi inú ìgò rẹ̀, T lè jáde lára ẹni tí kò ní ibà. Nítorí náà, ẹni tí omi inú ìgò rẹ̀ tán, kí ó má ṣe bu omi ẹ̀rọ tàbí omi píọ̀ wọ́tà sí i.

Ẹ̀kẹta, C kì í mọ̀ bóyá ìlera T ṣì pé. Antibody tí ó wà ní C àti èyí tí ó wà ní T, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Bí páálí àyẹ̀wò bá ti pẹ́ nínú oòrùn, lẹ́yìn gíláàsì mọ́tò tàbí lórí àtẹ ọjà, ooru lè sọ T di aláìlágbára nígbà tí C ṣì ń dán. Iye ooru tí kò gbọdọ̀ kọjá wà lára páálí. Ìwọ̀n 30 tàbí 40 ni ọ̀pọ̀ wọn ń kọ. Ọ̀rinrin náà ń bà á jẹ́, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi àpò kékeré tí ń fa ọ̀rinrin sínú ọ̀rá rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, C kì í mọ àkókò. Àyẹ̀wò ibà, ìṣẹ́jú 15 tàbí 20 ni ọ̀pọ̀ wọn ń béèrè. OraQuick ń béèrè 20, a kò sì gbọdọ̀ kà á lẹ́yìn 40. Ẹni tí ó kà á kí àkókò tó pé lè má rí T tí ó ń bọ̀. Ẹni tí ó fi í sílẹ̀ lọ kí ìrun tí ó sì padà wá kà á lẹ́yìn wákàtí méjì lè rí òjìji ìlà tí kì í ṣe òtítọ́. Bákan náà, C kò mọ ọjọ́ tí kòkòrò wọ ara. Ẹni tí HIV ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ara rẹ̀, ara rẹ̀ kò tíì pèsè antibody tí àyẹ̀wò ń wá; ìdí nìyí tí OraQuick fi ní kí ènìyàn ka oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ọjọ́ ewu kí ó tó gba “kò sí” gbọ́.

Ẹ̀karùn-ún, C kò mọ ohun tí T ń sọ ní tòótọ́. HRP2 tí àyẹ̀wò ibà ń wá lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí oògùn ti pa kòkòrò tán. Ẹni tí ó ti lo oògùn ibà dáadáa, tí ara rẹ̀ sì ti yá, kí ó má ṣe ṣe àyẹ̀wò lẹ́yìn ọjọ́ méje kí ó sì ké pé oògùn kò ṣiṣẹ́. Ní apá kejì, ní 2010 ni a kéde pé a ti rí kòkòrò ibà ní ilẹ̀ Peru tí kì í tú HRP2 rárá. Lẹ́yìn náà a rí irú rẹ̀ ní Eritrea. Àyẹ̀wò tí HRP2 nìkan ń wá kò lè rí irú kòkòrò bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ C yóò máa dán bí ẹni pé kò sí ewu.

BÍ ILÉ ÀYẸ̀WÒ ŃLÁ ṢE Ń ṢE TIRẸ̀

Àwọn àgbà onímọ̀ pàápàá kì í dá ẹ̀rọ wọn gbọ́ láìsí ẹlẹ́rìí. Ní 27 oṣù Kejì ọdún 2020, a fi ìdí Kòrónà àkọ́kọ́ múlẹ̀ ní Nàìjíríà, lára ará Ítálì kan tí ó gba Èkó wọlé, tí ó sì ti dé Ewékorò ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí. Àyẹ̀wò PCR ni a fi ń mọ irú rẹ̀. Nínú iṣẹ́ PCR, wọ́n ń kó ohun tí wọ́n mọ̀ dájú pé kòkòrò wà nínú rẹ̀ àti ohun tí wọ́n mọ̀ dájú pé kò sí nínú rẹ̀ sínú ẹ̀rọ pẹ̀lú ti aláìsàn. Bí ẹ̀rọ bá sọ pé kòkòrò wà nínú èyí tí kò sí, wọn a da èsì gbogbo ohun tí wọ́n jọ kó sínú ẹ̀rọ náà nù. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n tún ń wá àmì ara ènìyàn nínú ohun tí a fi owú gbá jọ, kí wọ́n lè mọ̀ pé owú náà kan ara lóòótọ́. Ẹlẹ́rìí mẹ́ta ni wọ́n ní, nígbà tí àyẹ̀wò inú ilé ní ẹyọ kan.

Àwọn tí ó ní ìtọ̀ ṣúgà, tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò nílé, ní irú ẹlẹ́rìí yìí pẹ̀lú. Omi kan wà tí a mọ iye ṣúgà inú rẹ̀. Wọn a kán an sí ẹ̀rọ. Bí iye tí ẹ̀rọ sọ bá bọ́ sí àárín iye tí a kọ sí ara agolo, ẹ̀rọ náà yege.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń ra àyẹ̀wò oògùn olóró nítorí àwọn ọmọ yín, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn: nínú ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò ìtọ̀ bẹ́ẹ̀, òdìkejì ni a ń kà. Bí oògùn olóró kò bá sí nínú ìtọ̀, T yóò jáde. Bí ó bá wà, T kò ní jáde. Òbí tí kò ka ìwé rẹ̀ lè na ọmọ aláìṣẹ̀, kí ó sì fi ọwọ́ pa ọmọ tí ó ń ṣègbé lórí. C nìkan ni kò yí padà: níbẹ̀ náà, bí C kò bá jáde, kò sí ìdájọ́.

Ọ̀RỌ̀ YÌGÌ

Ó ti di àṣà ní ọ̀pọ̀ mọ́sáláṣí pé kí àwọn tí ó fẹ́ so yìgì lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Àṣà rere ni. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi pẹlẹbẹ àyẹ̀wò kan ṣoṣo tú yìgì ká.

Ẹ gbọ́ ìṣirò yìí. Ìwádìí ńlá tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2018 fi hàn pé nínú ènìyàn 1,000 tí ó wà láàárín ọdún 15 sí 49 ní Nàìjíríà, nǹkan bí 14 ni ó ní HIV. Ẹ jẹ́ kí a rò ó pé àyẹ̀wò kan ń ṣi ẹyọ kan mú nínú 100 aláìlárùn. Ọ̀pọ̀ èyí tí a fi ọwọ́ sí sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ, àpẹẹrẹ ni a ń ṣe. Nínú 1,000 ènìyàn náà, yóò mú àwọn 14 tí ó ní i, yóò sì ṣi nǹkan bí 10 mú nínú àwọn 986 tí kò ní i. Àwọn 24 ni T yóò jáde fún, nǹkan bí 10 nínú wọn kò sì ní àrùn kankan. Ẹ wá wo ibi tí ọ̀rọ̀ wà: lára gbogbo àwọn 24 náà ni C yóò ti jáde. C kò lè ya aláìlárùn kúrò lára alárùn. Ìdí nìyí tí òfin ìlera fi sọ pé àyẹ̀wò HIV tí ènìyàn ṣe nílé kì í ṣe ìdájọ́ ìkẹyìn. Ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ fi irú àyẹ̀wò mìíràn yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó sọ pé ó rí bẹ́ẹ̀.

Kí a wá ro ti ọmọbìnrin kan tí wọ́n ti pín aṣọ yìgì rẹ̀. Ẹnì kan rí ìlà méjì lára kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó sì sọ ọ́ síta. Ọjọ́ kejì, ọ̀rọ̀ ti dé ọjà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ilé ìwòsàn ní kò sí nǹkan kan lára rẹ̀. Ta ni yóò wá lọ láti ojúlé dé ojúlé láti kó ọ̀rọ̀ náà padà? Bí ó bá sì jẹ́ pé ó ní i lóòótọ́, ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tí ó tú àṣírí kò dín kù. Ohun tí a bá rí lára kásẹ́ẹ̀tì ẹlòmíràn, àmánà ni. Ẹni tí ó bá ní HIV tí ó sì ń lo oògùn rẹ̀ déédéé lè pẹ́ láyé, ó lè fẹ́ ìyàwó tàbí kí ó lọ́kọ, ó sì lè bí ọmọ tí kò ní in. Aájò ni ó yẹ kí ó bá pàdé ní mọ́sáláṣí.

ÌMỌ̀RÀN

Kí á tó ya ọ̀rá àyẹ̀wò, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ àti ibi tí olùtajà kó o sí. Ẹ ka ìwé inú rẹ̀ tán. Bí ẹ kò bá lè ka èdè tí wọ́n fi kọ ọ́, ẹ fún ẹni tí ó lè kà á.

Ẹ lo omi inú ìgò rẹ̀ nìkan, iye ẹ̀kán tí wọ́n ní kí ẹ kán. Ẹ fi aago sí ẹ̀gbẹ́ yín.

Bí àkókò bá pé, C ni kí ojú yín kọ́kọ́ wá. Bí kò bá sí, ẹ má ṣe wo T rárá. Ẹ mú òmíràn. Bí ti kejì náà bá ṣe bẹ́ẹ̀, ilé ìwòsàn ni ó kàn.

Bí gìrì bá mú ọmọ, tàbí tí kò lè mu omi tàbí ọmú, tí ó ń bì gbogbo ohun tí ó jẹ, tí ó rẹ̀ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè jókòó, tàbí tí ó ń mí gúlegúle, ẹ má ṣe dúró de ìlà kankan. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ohun yòówù kí àyẹ̀wò sọ.

Bí àyẹ̀wò bá sì sọ pé kò sí ibà, ara gbígbóná náà ṣì ní ohun tí ó fà á. Ẹ má ṣe fi oògùn ibà tẹ́ ọkàn yín lọ́rùn. Ẹ wá ohun tí ó ń ṣe é.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ayé tí ìròyìn ti ń sáré ju ẹsẹ̀ lọ ni a wà yìí. Ẹni tí ó bá ti kọ́ láti wá C kí ó tó wo T, tí ó sì mọ ibi tí ẹ̀rí C parí sí, ti kọ́ ohun tí yóò wúlò fún un ju ọ̀rọ̀ ibà lọ. Nígbà tí wọ́n bá mú ọ̀rọ̀ ẹnìkejì wá fún un, yóò kọ́kọ́ béèrè pé: ẹni tí ó mú un wá ńkọ́, báwo ni ó ṣe mọ̀, kí sì ni ohun tí kò lè mọ̀?

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìmọ̀ tí ó ṣe àǹfààní àti ara líle. Kí Ó dá àwọn ọmọ wa sí, kí Ó wo àwọn aláìsàn wa sàn, kí Ó sì bo àṣírí wa láyé àti ní ọ̀run. Āmīn.